Bí A Bá Rí Erin, Ká Sọ Pé A Rí Erin: Ìtàn Igbó Ẹranko Yankari àti Bó Ṣe Kàn Wá

  

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ òní ní kí n kọ ohun kan sínú ìwé yìí nípa ìtàn ìpínlẹ̀ Bauchi tí a ń gbé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí ìtàn ọba àti ogun, tàbí ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe bá ọkọ̀ ojú irin dé ìhín. Ọ̀nà ibòmíràn ni mo gbà lọ. Igbó kan wà tí kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí ìlú Bauchi. Àwọn àlejò máa ń ti òkè òkun wọ ọkọ̀ òfurufú wá wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ti lo ogún ọdún níhìn-ín kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Orúkọ igbó náà ni Yankari.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti í pa òwe yìí fún ọmọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti rí erin rí? Èdè wa kún fún ẹranko tí ojú wa kò rí mọ́: erin, ẹfọ̀n, kìnnìún, ìmàdò, ìkòokò. A ń sọ orúkọ ọmọ ní Erinfọlámi, a sì ń pe òrìṣà kan ní Erinlẹ̀. Bí ẹranko bá wá tán pátápátá, ọ̀rọ̀ lásán ló kù.

Ẹyọ ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ìwé yìí fi yé wa. Àwọn erin tó wà ní Yankari lónìí kò ṣèèṣì kù síbẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló pa wọ́n mọ́, nígbà tí ọwọ́ èèyàn sì dẹ̀, wọ́n dín kù. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń gbé ìtòsí wọn kò lè sọ pé kò kàn wá.

Kí ni wọ́n ń pè ní sàfárì?

Ọ̀rọ̀ èdè Swahili ni sàfárì. Irin-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni wọ́n sì ti yá a. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ìbọn wọ ilẹ̀ Kenya àti Tanganyika láti dẹ ìgbẹ́ fún fàájì, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di irin-àjò ọdẹ. Nígbà tó yá, tí ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ọ̀pọ̀ wọn gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n mú kámẹ́rà. Ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin pa àwọn igbó kan mọ́. Èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà ni igbó Albert ní ilẹ̀ Kóńgò tó wà lábẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù, ní 1925. Kruger ti South Africa tẹ̀ lé e ní 1926. Ní 1933, àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù láti dáàbò bo ẹranko àti igbó Áfíríkà. Serengeti, tí gbogbo ayé mọ̀, wọlé ní 1951.

Kí ẹ má ṣe fi irú igbó yìí wé ọgbà ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú ọgbà ẹranko, ẹranko ló wà nínú àhámọ́ onírin, èèyàn ń rìn kiri. Ní Yankari, èèyàn ló wà nínú ọkọ̀, ẹranko ló ń rìn kiri. Ilé wọn la lọ. Igbó náà fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó, ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alkaleri, lórí ilẹ̀ àwọn ará Duguri, Pali àti Gwana. Odò kan tó ń jẹ́ Gaji ló gba àárín rẹ̀ kọjá.

Àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aginjù tí ẹsẹ̀ èèyàn kò dé rí ni Yankari. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú igbó náà, ihò 59 ló wà tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́ sínú òkúta yanrìn, tí wọ́n fi ṣe ibùgbé. Ní 1980 ni ẹni kan tó ń jẹ́ P. J. Marshall rí wọn, tó sì jẹ́ kí ayé mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ihò Marshall. Níbi tí wọ́n ń pè ní Dukkey, kànga 139 ló wà tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì la ọ̀nà láàárín wọn kí omi lè máa ti inú ọ̀kan dé ìkejì. Ní Shau Shau, nǹkan bí iléru 60 tí wọ́n fi ń yọ́ irin ló ṣì dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ iléru yẹn dáadáa. Ẹni tó bá mọ ipò tí alágbẹ̀dẹ wà láwùjọ Yorùbá yóò mọ̀ pé ibi tí iléru 60 bá wà, ìlú wà níbẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ irin nílò ẹni tó ń sun èédú, ẹni tó ń wa òkúta irin, ẹni tó ń rọ ọkọ́ àti ọfà, ẹni tó ń gbé e lọ sọ́jà, àti àgbẹ̀ tí yóò bọ́ gbogbo wọn. Kànga 139 kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin méjì mẹ́ta. Ó ní láti jẹ́ pé ètò wà, àṣẹ wà, ẹni tó ń pín omi náà wà.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ti lọ tipẹ́, igbó sì tún padà bo ibẹ̀. Eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun wà níbẹ̀ títí di òní, ó sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn darandaran fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹranko wá pọ̀ sí i níbi tí èèyàn ti kúrò. Orúkọ tí àwọn ará Duguri fún ibẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ní Wikki, tó jẹ́ orúkọ ìsun omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ tí gbogbo àlejò mọ̀, túmọ̀ sí "níbo lo wà?" lédè wọn.

Bí fáìlì ṣe di igbó

Apá yìí ló wù mí jù nínú ìtàn náà, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní 1953, Alhaji Muhammadu Ngileruma, tó jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn ní Ẹkùn Àríwá nígbà náà, rin irin-àjò lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó rí igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní Sudan, ohun tó rí sì wú u lórí. Ó ronú pé ilẹ̀ tiwa náà lè ní irú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé èrò dáadáa kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni èrò tí ẹnì kan gbé dé òpin. Mínísítà máa ń ti ìrìn-àjò dé, yóò sọ̀rọ̀, wọn yóò kọ ọ́ sínú fáìlì, wọn yóò so okùn mọ́ ọn, eruku yóò sì bò ó. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1956, ìjọba Ẹkùn Àríwá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá igbó ẹranko kan sílẹ̀ láti fi dán an wò. Wọ́n wo ìhà gúúsù ilẹ̀ Ẹ́míà Bauchi, níbi tí ẹranko pọ̀ sí fúnra rẹ̀. Ní 1957, wọ́n pa ààlà igbó náà, ó di igbó ìjọba lábẹ́ Ẹ́míà Bauchi. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n kọ́ ilé àlejò sí Wikki. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1962, wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 9. Láàárín ọdún 9 yẹn, Nàìjíríà gba òmìnira, àwọn ọ̀gá òyìnbó ń kó ẹrù wọn lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń jókòó sórí àga wọn, ọ̀pọ̀ fáìlì sì dúró sójú kan. Fáìlì Yankari kò dúró. Ẹnì kan ń gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó ń tì í síwájú. N kò lè dárúkọ gbogbo àwọn akọ̀wé, àwọn awọnlẹ̀ àti àwọn lébìrà tó ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí mo bá dé Wikki, àwọn ni mo máa ń rántí.

Ẹ tún wo bí àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe kan ìtàn àwa fúnra wa. Ní 1961 ni ojú irin dé ìlú Bauchi, tó gba Gombe lọ sí Maiduguri, tó sì débẹ̀ ní 1964. Àwọn òṣìṣẹ́ rélúwéè tó jẹ́ Yorùbá, àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò bá ojú irin yẹn wá. Ìdílé púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ló jẹ́ pé ìgbà náà ni ìpìlẹ̀ wọn nílùú yìí. Ìgbà kan náà ni wọ́n ṣí Yankari, nígbà tí ọmọ ilẹ̀ Bauchi, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, jẹ́ olórí ìjọba ní Èkó. Ẹgbẹ́ kan náà ni àgbègbè wa àti igbó yẹn.

Ohun tí ojú mi rí

Agùnbánirọ̀ ni mo jẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ. Oṣù Kejì 1984 ni, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kó lọ, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún. Nígbà náà, àwọn adágún inú igbó ti gbẹ, koríko ti jóná, gbogbo ẹranko ń wá omi mu ní odò Gaji. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi wà níbi gbogbo, koríko ga ju èèyàn lọ, èèyàn lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ erin kó má rí i.

A gba ojú ọ̀nà Gombe, a yà ní Dindima, a sì gba ẹnubodè tó wà ní Mainamaji wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n to àga sí lẹ́yìn. Mallam kan tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó dúró lókè, ó ní kí a má pariwo, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀ kalẹ̀. A rí ìmàdò tó ń sá lọ pẹ̀lú ìrù rẹ̀ lókè ṣánṣán. A rí àgbọ̀nrín. A rí ìnàkí lọ́pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn náà ni Mallam na ọwọ́, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ lédè Hausa pé, "Giwa."

Àwọn erin ti wà nínú odò. Mo ka 40, mo sì ṣìwọ́ kíkà. Àwọn ìyá dúró yí àwọn ọmọ ká, ọmọ kékeré kan ń fà sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ ìjà tì í lọ síwájú bí abiyamọ ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà ọjà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kò pariwo. Nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń rìn, a kò sì gbọ́ ju ìró omi àti ìró ẹ̀ka igi tó ń ṣẹ́. Ìgbà náà ni mo wá mọ ìdí tí àwọn baba wa fi sọ pé a kì í wí pé a rí nǹkan fìrí. Bó bá kọjá lójú rẹ, o mọ̀ pé ó kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́, a wẹ̀ ní ìsun Wikki. Omi náà mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí yanrìn ìsàlẹ̀. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ ní ìwọ̀n 31 digírì, lọ́sàn-án lóru, lẹ́ẹ̀rùn lójò. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé lítà 21,000,000 ló ń tú jáde lójúmọ́, tó ń ṣàn lọ sínú odò Gaji. Nígbà tí a ń wẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ìnàkí ti wọ ọkọ̀ wa, wọ́n kó búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Ẹnì kan nínú wa ṣì máa ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di òní pé àwọn ni wọ́n gba owó ẹnubodè gidi.

Ní oṣù Kejì 2019, mo tún lọ, èmi àti ìdílé mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wa. Omi Wikki kò yí padà. Àwọn ìnàkí kò yí padà. A rí ìmàdò, a rí àgbọ̀nrín. Ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ni a tó rí erin márùn-ún lókèèrè, wọ́n sì wọ inú igbó lọ kí àwọn ọmọ tó rí wọn tẹ́rùn. Ọmọ-ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá, ṣé gbogbo wọn nìyẹn?" Mo sọ fún un pé àwọn yòókù wà nínú igbó, bẹ́ẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ló mú kí n padà lọ wo ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà méjèèjì.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́

Nígbà tí wọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 ní 1967, Yankari bọ́ sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Maiduguri. Ní 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Bauchi sílẹ̀, igbó náà di tirẹ̀. Ní 1991, ìjọba ológun fi òfin nọ́ńbà 36 sọ ọ́ di igbó ìjọba àpapọ̀. Òfin kan náà ló sọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé, níbi tí ahoro olú-ìlú àtijọ́ àwọn Aláàfin wà, di ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ọmọ òfin kan ni Yankari àti Ọ̀yọ́ Ilé jẹ́. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ dá Yankari padà fún ìpínlẹ̀ Bauchi. Ní 2014, ìpínlẹ̀ náà bá ẹgbẹ́ Wildlife Conservation Society ṣe àdéhùn pé kí wọ́n jọ máa bójú tó o.

Kò sí ohun tó burú nínú kí nǹkan ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ yóò dúró de ọ̀gá tuntun. Owó epo yóò dúró de ìsúná tuntun. Ẹ̀ṣọ́ tó fẹ̀yìn tì kò ní rí arọ́pò títí tí ẹni tuntun yóò fi mọ iye òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Nínú ọ́fíìsì, ìwé ló ń dúró de ọ̀gá. Nínú igbó, ọdẹ tó ń fi ìbọn jalè kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kò nílò ju òru méjì tí ẹ̀ṣọ́ kò sí lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí erin bá kú

Yorùbá ní ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣìíríṣìí ọ̀bẹ. Eyín erin ni ọ̀bẹ wọ̀nyí ń wá. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé nípa títà ẹranko tó ń tán lọ ní 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1985. Ní 1989, gbogbo ayé fòfin de títa eyín erin láti orílẹ̀-èdè kan sí ìkejì. Síbẹ̀, òwò náà kò dúró. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ lọ tọ́ọ̀nù 2.5 eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn aṣòwò yìí di lẹ́búlẹ́bú ní Àbújá. Ẹ fọkàn yàwòrán òkìtì náà, kí ẹ sì rántí pé erin kọ̀ọ̀kan kò ní ju eyín gígùn méjì lọ.

Nígbà tí wọ́n ka erin Yankari ní 2006, wọ́n rí nǹkan bí 350. Ìṣirò àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ lẹ́yìn 2014 jẹ́ láàárín 100 sí 150. Síbẹ̀, agbo erin tó pọ̀ jù tó kù ní Nàìjíríà nìyẹn. Àwọn erin igbó díẹ̀ wà níbòmíràn, títí kan igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n àwọn erin ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Yankari, kò sí ibi tí wọ́n pọ̀ tó báyìí. Ní ti kìnnìún, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣírò pé kìnnìún tó kù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 50, ibi méjì péré ni wọ́n sì wà: Yankari àti Kainji. Àgùnfọn, tó ti gbé Yankari rí, ti lọ pátápátá.

Ìròyìn ayọ̀ náà wà, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Lẹ́yìn àdéhùn 2014, wọ́n fi kún ìgbòkègbodò ẹ̀ṣọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń rin igbó náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Láti 2015, àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ jábọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún léra pé wọn kò rí erin kan tí ọdẹ olè pa. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n san owó rẹ̀, tó ní bàtà lẹ́sẹ̀, tó sì ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ló ṣe é. Èyí ni ìdí tí mo fi sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni. Ọwọ́ tó dẹ̀ ló jẹ́ kí 350 di ohun tó dì, ọwọ́ tó le padà ló jẹ́ kí ìyókù ṣì wà láàyè.

Àwọn tó ń gbé etí igbó

Ìtàn yìí kò ní pé bí mo bá sọ ti ẹranko tí n kò sọ ti èèyàn. Nígbà tí ìjọba pa ààlà Yankari, òfin sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dẹ ọdẹ níbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ dáko, a kò sì gbọ́dọ̀ da màlúù. Àwọn tó ń gbé abúlé yíká igbó náà ni ìnira yìí já lé léjìká, kì í ṣe àwa ará ìlú. Erin kò mọ ààlà. Ní àkókò ìkórè, agbo erin lè jáde lóru, kí wọ́n jẹ oko ọkà ìdílé kan tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbìyànjú láti sọ fún àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé erin jẹ́ ohun ìní àjọní.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé sí iṣẹ́ láti máa ṣọ́ ibi tí erin wà, kí wọ́n lè tètè ta àwọn àgbẹ̀ lólobó, kí wọ́n sì lé e padà láìpa á. Ọgbọ́n tó dára ni. Ẹni tí erin ń jẹ oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ nínú èrè erin. Gbogbo náírà tí àlejò bá ná ní Yankari, lórí oúnjẹ, lórí ibùsùn, lórí ẹni tó ń fọ̀nà hàn, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ yẹn lè gbọ́ yé.

Kí ló wá kàn wá?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Bauchi lèyí, pé àlejò ni wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, fún ìdí mẹ́ta.

Ìkíní, ibi tí èèyàn ti bí ọmọ tó sì ti sin òkú kì í ṣe ìlú àjèjì mọ́. Àwọn ọmọ wa ń kà á nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ pé Yankari wà ní ìpínlẹ̀ wọn. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù bó ṣe rí, ó yẹ kí ẹnu wọn lè sọ ohun tí ojú wọn rí.

Ìkejì, ọwọ́ Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ eyín erin láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn agbẹ́nà Ọ̀wọ̀ gbẹ́ eyín erin lọ́nà tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ wọn wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, a sì ń yangàn nítorí rẹ̀. Ó yẹ ká yangàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti yí padà. Bí ẹnì kan nínú wa bá ń joyè lónìí tó sì fẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin tuntun, kó mọ̀ pé kò sí ibi tí yóò ti rí i tí kò ní jẹ́ pé wọ́n pa ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó kù. Ẹ jẹ́ ká lo èyí tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ká má ra tuntun. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún ẹ̀yin ìyá wa nípa ẹran ìgbẹ́ tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti pa á.

Ìkẹta, a kì í ru ẹran erin lérí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Mo mọ ìdílé tó kó ọmọ wọn lọ sí Dubai láti gun ràkúnmí. Kò burú, owó wọn ni. Ṣùgbọ́n Wikki kò tó ìrìn-àjò wákàtí mẹ́ta láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Nítorí náà, àbá mi fún ẹgbẹ́ rèé. Kí á yan ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta lọ́dọọdún, kí á gba bọ́ọ̀sì, kí á kó àwọn ọmọ lọ sí Yankari. Kí akọ̀wé kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kó sì rí i pé ilé àlejò ṣí sílẹ̀. Kí á sùn mọ́jú, nítorí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹranko máa ń jáde. Kí á kó oúnjẹ sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ rántí àwọn ìnàkí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rí lédè Yorùbá, kí á tẹ èyí tó dára jù nínú wọn sínú ìwé ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó ń bọ̀. Ó tún yẹ kí á kó owó díẹ̀ jọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, bó ṣe bàtà òjò tàbí tọ́ọ̀ṣì, kí á sì fà á lé àwọn aláṣẹ wọn lọ́wọ́ ní gbangba. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Fáìlì tí wọ́n ṣí ní 1953 kò tíì ní òpin. Ó ti kọjá lọ́wọ́ ìran bíi mẹ́ta, ó sì ti kan àwa náà báyìí. Kí Olúwa jẹ́ kí ọmọ àwọn ọmọ wa dé etí odò Gaji, kí wọ́n rí erin, kí wọ́n sì lè sọ pé àwọn rí erin.